Òfin Tábìlì Arvilla

Ẹ̀yìn àpò ìwé tí owó iná bá wá ni ó kọ ọ́ sí,
pẹ́ńsùlù kúkúrú, ọwọ́ tó ń gbọ̀n díẹ̀,
ó fi òòfà tó rí bí àgbàdo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì:
ìyá mi, Arvilla, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ní àfonífojì Sanpete, ní Yúta,
nínú oṣù tí yìnyín ń bo ẹsẹ̀ igi ápù.

Ó ní: Ọjọ́ Àìkú ni, gbogbo yín ń bọ̀.
Ẹni tó ń lọ sí tẹ́ḿpìlì ń bọ̀,
ẹni tó ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìjọ ń bọ̀.
(Èmi nìyẹn.)
Ọ̀dùnkún oníwàràkàṣì wà nínú ààrò,
jẹ́lì aláwọ̀ ewé tí kárọ́ọ̀tì há sí nínú ń gbọ̀n nínú àwo.
Mi ò sè wọ́n fún ìjà.

Má bi ẹnikẹ́ni léèrè aṣọ tó wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀.
Ìwọ náà wọ nǹkan sábẹ́, ta ló bi ọ́?
Má béèrè iye ìyàwó tí bàbá-ńlá wa fẹ́
bó bá jẹ́ ẹ̀rín lo fẹ́ fi í rín.
Bí orúkọ wọn lo fẹ́ mọ̀, jókòó.
Mo mọ mẹ́ta. Mo mọ ibi tí a sin ìkejì sí.
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó dé ilé ọkọ,
òun náà kò rí i bí àwàdà.

Má sọ pé "ẹ̀yin èèyàn yìí".
Thayne ni Thayne. Kì í ṣe ìjọ ló jókòó sórí àga yẹn.
Ìbéèrè tí o ti ní èsì rẹ̀ lápò kì í ṣe ìbéèrè,
tàkúté ni.
Bí ẹnìkan bá finú hàn ọ́, má gbé inú rẹ̀ ròde.
Níbi tí ẹlòmíràn ti bọ́ bàtà, má fi tìrẹ tẹ̀ ẹ́.
Ẹni tó dúró kì í ṣe òmùgọ̀.
Ẹni tó lọ kò kú; ẹ má ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lójú ara rẹ̀.
(Ìlà yìí, ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un kọ.)
Ẹni tó bá rú òfin ni yóò fọ abọ́.

A jẹun. Thayne fẹ́ bi mí nípa kọfí,
ó fi búrẹ́dì gbé e mì.
Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu nípa wúrà àti áńgẹ́lì,
ọ̀rọ̀ tó mú bí abẹ. Mo wo fíríìjì.
Mo ní kí wọ́n bá mi na iyọ̀.

Brinlee, ọmọ Thayne, tó ń lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Pẹrúù lóṣù tó ń bọ̀,
ló bi mí pé, "Kí ló nira jù nígbà tí ẹ lọ?"
Yàrá dákẹ́. Mo wo ojú ọmọ náà: kò sí tàkúté níbẹ̀.
Mo ní, "Orin. Mo ṣì ń kọ apá béèsì nínú ọkọ̀,
èmi nìkan, àwọn apá yòókù ò sí."

Ìyá mi gbé ṣíbí sílẹ̀.
"Ní ọ̀run," ó ní, "àga rẹ yóò ṣófo.
Alaalẹ́ ni mo ń ka àga. Ó máa ń dín ọ̀kan."

Yìnyín já lórí òrùlé, ó bọ́ sílẹ̀ gbì.
Ó wo ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.
Ó dìde, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè,
ó ṣí omi gbígbóná.

Mo mú aṣọ ìnubọ́.
Àwo mẹ́jọ, a ò sọ̀rọ̀.
Ní ìkẹsàn-án ó ní, "Béèsì orin wo?"
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún nísàlẹ̀ ọ̀fun.
Ó wá ohùn tirẹ̀ rí, ohùn tó ti gbó, tó ti sán,
ó gbé e lé tèmi lórí.
Ọṣẹ ń kán láti ìgunpá rẹ̀.
Láti yàrá kejì mo gbọ́ tí Thayne rọra ń sọ fún Brinlee
pé kó dúró ná, kó má tíì wọlé.